Ẹni Tó Jókòó Sídìí Ọkọ̀: Etíkun Ìlàjẹ àti Ọ̀nà Tí À Ń Gbà Kọ́ Ọ̀dọ́

Ní Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, títì tó ti Òkìtìpupa bọ̀ gbé èrò dé ọjà àti èbúté, omi sì gba ìyókù ìrìnàjò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ sí Ayétòrò, Awoyè àti àwọn abúlé tó tò lẹ́bàá òkun ti ń wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì. Gàárì, sìmẹ́ǹtì, kẹ́ẹ̀gì epo, ọmọ iléèwé, ìyálọ́jà àti aláboyún lè wà nínú ọkọ̀ kan náà. Gbogbo wọn kọjú síbi tí wọ́n ń lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sídìí ọkọ̀, tó di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, tó ń pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, ìgbà tí yóò sáré àti ìgbà tí yóò rọra. Kò ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà jẹ́ ọ̀dọ́. Bí a bá ń wò ó, ìbéèrè kan ń tẹ̀ lé wa lójú omi yẹn tó kan pápá eré ìdárayá pẹ̀lú: kí ló ń sọ ọ̀dọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ipò bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ di ọ̀gá, kí ló sì ń ba ẹlòmíràn tó ní ẹ̀bùn kan náà jẹ́? Èrò mi ni pé ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà kọ́ni ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí a sì ti ń dá ọ̀nà náà mọ̀ ni ohun tí olùkọ́ fi àṣìṣe àkọ́kọ́ ọmọ náà ṣe.

Iṣẹ́ ìdí ọkọ̀ ṣòro ju bí ó ti ń rí lójú èrò lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ pín etíkun Nàìjíríà sí apá mẹ́rin, wọ́n sì fi orúkọ Màhín pe ọ̀kan nínú wọn. Etíkun ẹrẹ̀ Màhín yìí wà láàárín etíkun ọlọ́sà tó ti ìhà Èkó bọ̀ àti ẹnu odò Benin, ó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 75. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ dípò yanrìn, ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an, òkun sì ń gbà lára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà omi tí bàbá kan mọ̀ nígbà èwe rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò bá. Ẹrẹ̀ a máa kóra jọ síbi tí ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀; koríko ojú omi a máa dí ẹnu ọ̀nà tóóró; omi a kún, a sì fà. Atukọ̀ ń wo àwọ̀ omi, ó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ń wo afẹ́fẹ́, ó sì ń ṣírò ẹrù tó wà nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tó yí ọwọ́. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó pinnu, omi ti pinnu fún un.

Ipò kan wà nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbá mọ́yà sáré, tó bá ti ìdí ọkọ̀ yìí mu. Kọ́tábáàkì ni wọ́n ń pe ẹni tó wà níbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lórí pápá, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ́tábáàkì ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ kọlu ẹgbẹ́ kejì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta, ó ní láti ka bí àwọn alátakò ṣe tò, kí ó yan ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí, kí ó sì jù ú kí àwọn géńdé tó ń sáré bọ̀ tó gbé e lulẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá wọn, NFL, ń yan ọ̀dọ́ láti yunifásítì, ẹgbẹ́ tó sì ṣe dáadáa kéré jù lọ́dún tó kọjá ni òfin fún láǹfààní láti kọ́kọ́ yàn. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn jù fi sábà ń bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó dàrú jù. Nítorí pé wọ́n ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀, ibẹ̀ ni a ti lè rí ẹ̀rí tí a lè kà ní ení, èjì, nípa ohun tí olùkọ́ ń fi ọ̀dọ́ dà.

Lójú omi Ìlàjẹ, ẹ̀kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ọmọ kékeré a kọ́kọ́ máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò gba àjẹ̀ tó mọ níwọ̀n apá rẹ̀, tí yóò máa fi wa ọkọ̀ kékeré láti ilé kan dé òmíràn, níbi tí omi kò ti jìn tí ojú àgbà sì tó o. Bí ó ti ń dàgbà, ó ń bọ́ sínú ọkọ̀ apẹja, ó ń da àwọ̀n, ó ń fà á, ó sì ń wo bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ṣe ń dojú ọkọ̀ kọ ìgbì. Nígbà tí yóò bá fi di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, ó ti ṣàṣìṣe lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí àṣìṣe kò ti lè pa ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Iṣẹ́ olùkọ́, lójú tèmi, ni láti sọ ẹni tó ń wo iwájú di ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Olùkọ́ tó bá bú ọmọ tó ṣubú lójú gbogbo èèyàn ti kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù ìṣubú. Èyí tó bá sì sáré gbé e dìde láìbi í léèrè ohunkóhun ti kọ́ ọ pé ẹlòmíràn ni yóò máa bá a wo ilẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ohun tó gbé ọmọ náà ṣubú ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi Peyton Manning dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Òun ni Indianapolis Colts kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ọ̀dọ́ ọdún 1998, wọ́n sì gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní. Lọ́dún náà, ó ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ alátakò nígbà 28, iye tí kọ́tábáàkì tuntun kankan kò jù bẹ́ẹ̀ rí; ẹgbẹ́ rẹ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Wọn kò yọ ọ́ kúrò. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju èyí lọ ni pé Tom Moore, ẹni tó ń darí ìkọlù ẹgbẹ́ náà, kò fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ gbé òmíràn. Àmì tí Manning kọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ ló tún bá lọ́dún kejì, ó sì lè padà sórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan kí ó mọ ibi tó ti ṣì í. Ní 1999, ẹgbẹ́ náà borí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Moore àti Manning sì wà pọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. A lè wí pé Manning ní ẹ̀bùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yẹn náà wà lára rẹ̀ ní 1998. Ohun tó kún un ní 1999 ni ìmọ̀ tó jáde láti inú àṣìṣe, ìmọ̀ náà kì bá tí rí àyè dúró ká ní wọ́n ti pààrọ̀ olùkọ́ àti èdè ìkọ́ni.

Ìtàn Jared Goff ní apá méjì, apá kejì ló sì kọ́ wa jù. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2016, tí ó bọ́ sọ́wọ́ Rams lábẹ́ Jeff Fisher. Ó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje lọ́dún náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù gbogbo wọn; wọ́n lé Fisher kí ọdún tó parí. Ní oṣù kìíní 2017, Rams gba Sean McVay, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Rédíò wà nínú akoto kọ́tábáàkì, tí olùkọ́ lè fi bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi ku ìṣẹ́jú àáyá 15 kí àkókò ìgbésẹ̀ tó pé. McVay ń mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tètè tò, kí òun lè wo àwọn alátakò kí òun sì sọ ohun tí òun rí fún Goff kí rédíò tó kú. Èso rẹ̀ yá: Rams borí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ní 2017, wọ́n sì dé àṣekágbá Super Bowl ní oṣù kejì 2019. Níbẹ̀ ni New England Patriots ti fi ìtò tí wọn kò retí pàdé wọn, Rams kò sì rí ju àmì ayò mẹ́ta lọ nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Ní 2021, wọ́n fi Goff ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Detroit. Lọ́hùn-ún, lábẹ́ Dan Campbell àti Ben Johnson tó ń darí ìkọlù nígbà náà, wọ́n kọ́ ètò ìkọlù yí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ká, wọ́n sì fún un lóhùn nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024, ó borí Rams fúnra wọn lójú ọ̀nà àṣekágbá ẹkùn wọn. McVay ló gbé Goff dìde, ìyìn rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá wo ilẹ̀ kò tíì di atukọ̀.

Ẹnì kan lè tako mi níbí pé kì í ṣe olùkọ́ ló yí Goff padà. Ní 2017 náà ni Rams ra Andrew Whitworth tó ń dáàbò bò ó, tí wọ́n sì mú Robert Woods àti Cooper Kupp wá kí ó máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń jò kò ní gbé atukọ̀ tó mòye dé èbúté, David Carr sì ni ẹlẹ́rìí. Òun ni Houston Texans, ẹgbẹ́ tuntun nígbà náà, kọ́kọ́ yàn ní 2002. Àwọn alátakò gbé e lulẹ̀ nígbà 76 lọ́dún kan ṣoṣo, iye tí kò sí ẹni tó tíì jù ú. Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ta ló pinnu pé kí ọmọ tuntun jókòó nídìí ọkọ̀ tó ń jò? Ta ló ń rán an padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Ipò tí a fi akẹ́kọ̀ọ́ sí wà lára ọ̀nà ìkọ́ni. Bí Trevor Lawrence, kọ́tábáàkì mìíràn, ṣe rí ní Jacksonville ràn wá lọ́wọ́ láti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀. Ní 2021, lábẹ́ Urban Meyer tí wọ́n lé kí ọdún tó parí, bọ́ọ̀lù 12 tó jù ló di àmì ayò ńlá, 17 bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Ní 2022, lábẹ́ Doug Pederson, tí òun náà ti jẹ́ kọ́tábáàkì rí, 25 ló di àmì ayò, mẹ́jọ ló bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Wọ́n ra àwọn agbábọ́ọ̀lù kún un níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọ ìnira ipò náà lára ara rẹ̀ ló ń to ohun tí wọ́n rà papọ̀.

Bí ọkọ̀ bá dé Ayétòrò, ìbéèrè nípa títọ́ ọ̀dọ́ tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Àwọn aládùúrà tó jáde láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ló dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1947, sórí ẹrẹ̀ létí òkun gan-an. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ní iná mànàmáná tiwọn, ibi ìkankọ̀, ilé ìhunṣọ àti ibi ìṣe bàtà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ lórí ilẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣe ìwádìí nípa wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1977 lórí ìdìde àti ìrẹ̀yìn ìlú náà. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ronú nípa ìkọ́ni ni pé ọ̀dọ́ Ayétòrò nígbà náà ń kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ àgbà tí kò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ní bẹ̀rù pé yóò wá gba oníbàárà òun. Ìlú ló ni àṣìṣe ọmọ náà, ìlú ló sì ni àǹfààní rẹ̀. Lónìí, òkun ti gbé ilé, iléèwé àti ibi iṣẹ́ púpọ̀ lọ níbẹ̀, ìlérí ìjọba láti dá òkun dúró kò sì tíì dáàbò bo àwọn tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fi ń parẹ́ létíkun yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé ń parẹ́ pẹ̀lú.

Dídúró kí a tó gbé ipò lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó. Patrick Mahomes, kọ́tábáàkì òun náà, jókòó lẹ́yìn Alex Smith fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọdún 2017 ní Kansas City, níbi tí Andy Reid ti jẹ́ olórí olùkọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn ọdún. Ní 2018, bọ́ọ̀lù 50 tó jù di àmì ayò ńlá, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù nínú líìgì. Aaron Rodgers dúró ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Brett Favre ní Green Bay kí ó tó bọ́ sí ipò ní 2008. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ìtàn wọ̀nyí ṣe òfin pé ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí Manning kò dúró. Ohun tó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ẹnì kan ti pinnu ohun tí ọ̀dọ́ náà yóò kọ́ ní àkókò yẹn. Ọmọ tó jókòó síwájú ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé fún un ìdí tí wọ́n fi yà sí apá òsì kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Èrò lásán ni.

Ìpínlẹ̀ Òǹdó fúnra rẹ̀, níbi tí Ìlàjẹ wà, ní àpẹẹrẹ tó dára nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ni Godfrey Oboabona ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún púpọ̀, títí tí ẹgbẹ́ náà fi dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje Champions League ti Áfíríkà ní 2012. Nígbà tí Stephen Keshi kó Super Eagles lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2013, ó fi àwọn gbajúmọ̀ bí Osaze Odemwingie sílẹ̀ nílé, ó sì mú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́lé dání. Ó fi Oboabona sí àárín ẹ̀yìn pẹ̀lú Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19. Joseph Yobo, balógun ẹgbẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wọn, ó ń gba àwọn àbúrò nímọ̀ràn. Keshi náà ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn àti balógun ẹgbẹ́ tó gba ife kan náà ní 1994. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 2013, Nàìjíríà na Burkina Faso ní 1-0, Sunday Mba, ọmọ líìgì abẹ́lé, ló sì gbá góòlù náà wọlé. Kì í ṣe ìgboyà Keshi nìkan ni mo ń yìn. Ó fi àwọn ọ̀dọ́ sí ipò tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó dín iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti dá rò kù, ó sì fi àgbà sí ìtòsí wọn.

Ti Francis Uzoho yàtọ̀, ó sì gba kí a fara balẹ̀ wò ó. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí Gernot Rohr fi í ṣe aṣọ́lé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Nàìjíríà gbá ní Ife Àgbáyé 2018. Kò dójú tini; Iceland kò rí góòlù kankan gbá sáwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kì í rí ọmọ ju ọjọ́ mélòó kan lọ láàárín oṣù. Lẹ́yìn ìdíje náà, Uzoho ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó farapa lórúnkún nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Bùràsíìlì ní 2019, kò sì rí ibùjókòó kan tí olùkọ́ kan ti lè máa tẹ̀ lé e lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù kẹta 2022 ní Àbújá, bọ́ọ̀lù tí Thomas Partey ti Ghánà gbá láti òkèèrè yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ wọlé. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n gbá, Nàìjíríà kò sì lọ sí Ife Àgbáyé. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn da gbogbo ẹ̀bi sí. Èmi rò pé ìdájọ́ náà kò kún tó. A gbé ọmọ náà sídìí ọkọ̀ lójú agbami, a rí i pé ó lè ṣe é, a sì ṣe bí ẹni pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí. Ìgbà tí ọ̀dọ́ bá kọ́kọ́ ṣe dáadáa ni ó nílò olùkọ́ jù, nítorí ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ń rò pé kò nílò rẹ̀ mọ́.

Àtakò kan tún wà tí a óò máa gbọ́ létíkun yìí ju ibòmíràn lọ: ìyà ló ń kọ́ ọmọ, òkun kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, ariwo àti ìdójútini ló ń mú ọkàn ọ̀dọ́ le. Wọ́n á ní àwọn Ìlàjẹ tó fi ọkọ̀ dé Mákòkó, Bàrígà, Benin, Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù láti pẹja kò ní olùkọ́ tó ń fọwọ́ rà wọ́n lórí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà àwọn bàbá wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò pé. Àwọn tó padà wálé la ń rí kà. Àwọn tí òkun kọ́ tí wọn kò sì yè é kò sí nínú ìtàn. Bákan náà ni ẹni tó ń yin olùkọ́ oníbínú ṣe ń ka àwọn tó là á já, kì í ka àwọn tó fi eré sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ìnira àti ìdójútini. Ẹ wo Ayomide Bello, ọmọ Nàìjíríà tó gba góòlù mẹ́rin nínú ìdíje wíwa ọkọ̀ alájẹ̀ ní Eré Ìdárayá Áfíríkà tó wáyé ní Rabat lọ́dún 2019, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, tó sì lọ sí Òlíńpíìkì Tokyo lẹ́yìn náà. Ìnira wà nínú iṣẹ́ yẹn: orúnkún kan nílẹ̀, àjẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mítà 200 tí kò gba àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ etí omi ló ní apá tó lè wa ọkọ̀. Ohun tí olùkọ́ ń fi kún apá yẹn ni kíka ìwọ̀n àjẹ̀, àtúnṣe ìjókòó àti ìdáhùn sí ìbéèrè pé kí ló mú ọkọ̀ yà. Ariwo kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Àtakò tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àìní. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ já bọ́ láti inú líìgì kò lè sọ fún ọmọ ọdún 18 pé kí ó lọ wo ọdún kan. Ilé tí bàbá ti kú tàbí tó ń ṣàìsàn ní Awoyè kò lè ní kí ọmọ má tíì di ẹ́ńjìnnì mú, nígbà tó jẹ́ pé ẹja òní ni oúnjẹ òní. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹni tó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ máa dá wọn lẹ́jọ́. Àmọ́ ohun tí mo ń sọ kò gba owó tàbí ọdún gbọọrọ. Bí ọ̀dọ́ bá gbọ́dọ̀ tukọ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, ní ìgbà tí omi dákẹ́. Bí ọmọ bá gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lónìí, ẹ fún un ní iṣẹ́ méjì láti ṣe dípò mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ẹni tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí, ẹ pè é jókòó, ẹ bi í ohun tó rí kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ̀yin rí fún un. Àìní lè mú kí a tètè gbé ẹrù lé ọmọ lórí. Kò sí àìní tó ní kí a má ṣàlàyé.

Nítorí náà, ó yẹ kí a yí ọ̀nà tí a ń gbà díwọ̀n àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa padà. Àwọn ẹgbẹ́ líìgì Nàìjíríà a máa lé olùkọ́ kí àkókò ìdíje kan tó parí, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé àwọn ọ̀dọ́ kò dàgbà sí i. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún kò lè wo ẹ̀yìn, torí ẹni tó mọ ibi tó ti ṣubú ti lọ. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ kí Ìlàjẹ máa mú awakọ̀, òmùwẹ̀ àti agbábọ́ọ̀lù jáde gba olùkọ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n san owó rẹ̀ déédéé, kí wọ́n sì bi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ní ọdún kejì tí wọn kò mọ̀ ní ọdún kìíní. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní Igbókòdá pẹ̀lú máa rí i pé ọ̀dọ́ ti tukọ̀ lábẹ́ ojú àgbà ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀wù ìdóòlà lọ́rùn gbogbo èrò, kí ó tó dá gbé èèyàn lọ lálẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ olùkọ́ rere, kí a má wo ife tó gbà lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan. Kí a wo ọmọ tó kọ́, lọ́jọ́ tí ọmọ náà ṣàṣìṣe tí olùkọ́ kò sí nítòsí: bí ó bá lè dúró, kí ó sọ ohun tó fa àṣìṣe náà lẹ́nu ara rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe, olùkọ́ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí.